Fóònù ń rántí, mọ́tò ń rántí: Ta ni yóò bá awakọ̀ pa àṣírí rẹ̀ mọ́?

Bí awakọ̀ kan bá gbé èrò ní Ọ̀rà ní ìdájí, tí ó gba Òkè-Ìlá kọjá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó sì forí lé Òṣogbo, òun alára lè ti gbàgbé ojú àwọn tí ó gbé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Fóònù tí ó wà lápò rẹ̀ kò ní í gbàgbé. Nígbàkígbà tí ó bá pe ènìyàn, tí ènìyàn bá pè é, tàbí tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń kọ ọ̀pá tí ó wà nítòsí rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ bá ní ẹ̀rọ atọpinpin tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tíráákà, ọlọ́kọ̀ tí ó jókòó sí Èkó lè mọ ibi tí ó ti dúró jẹun àti bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ìgbàlódé, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan mọ́. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ni ariwo rẹ̀ ti kọ́kọ́ ta, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń béèrè pé ta ni ó ni ohun tí ọkọ̀ wọn ń kó jọ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, wọ́n ti so nọ́ńbà fóònù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, àkáǹtì báńkì náà so mọ́ ọn, ìwé ọkọ̀ sì ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba. Ìbéèrè náà ti dé ẹnu ọ̀nà Ìgbómìnà. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ níhìn-ín ni pé ẹ̀rù méjì ni ó ń ba awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń bẹ̀rù kí ẹni tí kò yẹ má baà mọ ibi tí òun wà. Ó sì tún ń bẹ̀rù pé bí àwọn ajínigbé bá wọ́ òun wọ igbó, ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ lè má mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ‘dátà’ gan-an ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní gáréèjì, ohun tí ó ń sọ sí awakọ̀ lọ́kàn ni èyí tí ó ń fi owó rà lọ́wọ́ MTN, Airtel tàbí Glo kí ó lè wo fídíò. Dátà mìíràn wà tí awakọ̀ kì í rà. Òun fúnra rẹ̀ ni ọjà níbẹ̀: orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀, ìka rẹ̀, àwọn tí ó ń pè, ibi tí ó ń sùn.

Bí ẹ kò bá gbàgbé, ọdún 2011 ni àjọ NCC, tí ó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbé ìforúkọsílẹ̀ síìmù káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n ya ènìyàn ní fọ́tò, wọ́n ní kí ó tẹ ìka, wọ́n sì sọ pé nítorí ààbò ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú ìjọba, nítorí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC bu ìtanràn 1.04 tírílíọ̀nù náírà lé MTN lórí pé kò gé àwọn nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà ni wọ́n tó dín in kù sí 330 bílíọ̀nù náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020, àṣẹ mìíràn dé pé kí oníkálukú so síìmù rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Àwọn tí wọ́n tò fún NIN nígbà náà mọ ohun tí ojú wọn rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹnu àwọn nọ́ńbà tí wọn kò so pọ̀: ẹni tí ó ni ín lè gba ìpè, kò lè pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ ní abala 38 rẹ̀ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún 2, kí wọ́n sì fi í lé agbófinró lọ́wọ́ bí wọ́n bá béèrè. Òfin kan náà ní kí ẹni tí ó bá ń lo agbára yìí fi ẹ̀tọ́ àṣírí ọmọ ènìyàn tí ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ́kàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún awakọ̀ ni pé ìrìn àjò ọdún méjì rẹ̀ wà nínú fáìlì níbì kan, ó ń dúró de ẹni tí yóò ṣí i.

Ṣé fáìlì bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ààbò? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 kò jẹ́ kí ọkàn ènìyàn balẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pariwo pé àwọn kan ń ta NIN àti àwọn ìwé ìdánimọ̀ mìíràn ti ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà péré, owó tí kò lè ra búrẹ́dì tí ọmọ kékeré yóò jẹ yó. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn fi iye yẹn ra ti Mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bósún Tìjání, àti ti Vincent Olátúnjí, ọ̀gá àgbà àjọ NDPC tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an. Àjọ NIMC, tí ó ń tọ́jú NIN, ní kò sí ẹni tí ó já wọ inú ibi ìkóǹkan-pamọ́ àwọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí ohun tí ó kù láti rò ni pé ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni ó ń gba ẹ̀yìn tà á.

Ohun kan tún wà nípa àwọn ọ̀pá ìbánisọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn ará ìgbèríko mọ̀. Ní Èkó, níbi tí ọ̀pá kan kò jìnnà sí èkejì, àkọsílẹ̀ ọ̀pá lè fi àdúgbò tí ènìyàn wà hàn. Ní ìgbèríko, níbi tí ọ̀pá kan ṣoṣo ti lè máa sin abúlé mẹ́ta mẹ́rin pẹ̀lú oko àti igbó àárín wọn, ohun tí àkọsílẹ̀ náà ń sọ kò ju pé ẹni náà wà níbì kan láàárín kìlómítà mélòó kan sí ọ̀pá. Àgbẹ̀ tí ó wà lóko kòkó, ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ ní gáréèjì, awakọ̀ tí ó ń sáré kọjá lọ, àti ajínigbé tí ó lúgọ sínú igbó, gbogbo wọn lè wà lábẹ́ ọ̀pá kan náà ní wákàtí kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ibì kan náà ni wọ́n wà.

Ibí yìí ni ewu ti pọ̀ fún awakọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àgbẹ̀ ń jí, ó ń lọ sí oko, ó ń padà wálé. Nọ́ńbà rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ ọ̀pá tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Nọ́ńbà awakọ̀ ni ó máa ń fara hàn káàkiri, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Bí iṣẹ́ láabi bá ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà tí ó ń ná lójoojúmọ́, tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ní kí wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà tí ó gba abẹ́ ọ̀pá ibẹ̀ kọjá jáde, tirẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tirẹ̀ yóò tún wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọkọ̀ yóò béèrè pé kí ni ó wá gbé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó rí ẹni tí yóò fara balẹ̀ gbọ́ ìyẹn, ó lè ti sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹjọ́ Carpenter tí wọ́n dá ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọlọ́pàá ti gba àkọsílẹ̀ ọjọ́ 127 nípa ọkùnrin kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù, ó sì fi ibi tí ó wà hàn ní ìgbà 12,898. Ẹ̀sùn olè ni wọ́n fi kàn án, ẹni ẹ̀rín ẹni ẹ̀sín sì ni pé fóònù ni ohun tí wọ́n ní wọ́n jí. Adájọ́ 5 nínú 9 sọ pé kò tọ̀nà kí ọlọ́pàá gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìyẹ̀wò, nítorí ẹni tí ó bá mọ ibi gbogbo tí ènìyàn ń lọ ti mọ ìgbésí ayé rẹ̀ tán. Carpenter kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ìdájọ́ náà ṣe láǹfààní jù ni àwọn tí kò jalè rí tí wọ́n kàn ń kọjá lọ.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí á la ọ̀rọ̀ náà yé ara ẹni kí ẹnikẹ́ni má baà máa sá fún òjìji. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ àti mọ́tò tí ó ti lo ogún ọdún, irú èyí tí ó pọ̀ ní àwọn gáréèjì ìgbèríko, kò ní ẹ̀rọ tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí awakọ̀ ń sọ nínú rẹ̀ bí kò ṣe èrò rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ Mozilla ní Amẹ́ríkà yẹ ìlànà àṣírí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ 25 wò, Toyota, Nissan, Kia àti Mercedes wà lára wọn, kò sì sí ẹyọ kan tí ó yege. Nínú gbogbo wọn, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé àwọn lè fún ẹlòmíràn ní ohun tí àwọn bá kó jọ, ìdá 76 sì ní àwọn lè tà á. Nissan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀ pé ìwà ìbálòpọ̀ ènìyàn wà lára ohun tí òun lè kó jọ. Kí ni mọ́tò fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ilé-iṣẹ́ General Motors ń fi àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wa ọkọ̀ wọn ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń ta ìròyìn fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Oníbàárà kan béèrè fáìlì tirẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i jẹ́ ojú ewé 258. Ìrìn àjò 640 tí òun àti ìyàwó rẹ̀ rìn láàárín oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì lójijì àti ìgbà tí wọ́n sáré jù. Owó adójútòfò rẹ̀ ti fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i kí ó tó mọ ohun tí ó fà á. Ní oṣù Kínní ọdún 2025, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ìṣòwò, FTC, kéde àdéhùn tí yóò ka irú títà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún GM fún ọdún 5.

Ti Jámánì ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ti àìbìkítà. Àkọsílẹ̀ nípa ọkọ̀ oníná mànàmáná tí ó tó 800,000 láti inú agbo Volkswagen wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsí ààbò gidi, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà lè rí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá ìlú Hamburg wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti Tesla, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ti ń fi àwòrán tí kámẹ́rà ọkọ̀ oníbàárà yà ránṣẹ́ sí ara wọn láàárín ọdún 2019 sí 2022, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni èyí wá jẹ́ ti ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ gbé wá sí Ọ̀rà tàbí Ìlá? Nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kò lè bá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n sọ̀rọ̀ mọ́, pàápàá àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá tí wọ́n ń lo 3G, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti pa 3G ní ọdún 2022. Ìyẹn jẹ́ ìtura díẹ̀. Èkejì ni pé ohun tí ọkọ̀ náà ti kó pamọ́ kò bá ẹni tí ó tà á lọ. Ẹni tí ó bá tan rédíò inú rẹ̀, tí ó tẹ ibi tí wọ́n ń so fóònù mọ́, lè bá orúkọ àwọn ará ilé ẹlòmíràn pàdé níbẹ̀, àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ tí ó fi sí ẹ̀rọ atọ́nà. Awakọ̀ tí ó bá rí i a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá so fóònù tirẹ̀ mọ́ ọn, tí ó sì ta ọkọ̀ náà lọ́dún méjì sí i, nọ́ńbà ìyá, ìyàwó, àna àti ọ̀gá rẹ̀ ni yóò wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ní ọdún 2017, Charles Henderson, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ní IBM, ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí òun ta ọkọ̀ òun tán, fóònù òun ṣì ń fi ibi tí ọkọ̀ náà wà han òun. Bí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá lè bá a pàdé, kí ni ti ẹni tí ó ń tà ní Béjà?

Ẹ̀kẹta ni àpótí ìrántí ìjàǹbá, tí ó sábà máa ń wà lára ẹ̀rọ tí ó ń darí èébáàgì. Kì í gba ohùn sílẹ̀, kì í sì kọ ibi tí ènìyàn ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ eré tí ọkọ̀ ń sá, bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì àti bóyá ó de bẹ́líìtì, ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣáájú ìjàǹbá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní in láti oṣù Keje ọdún 2024. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2015 sọ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ni ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Ọkọ̀ tí ó forí sọgi ní òkè òkun, tí wọ́n rà ní gbàǹjo, tí pánẹ́ẹ̀bítà sì ti lù títí ó fi dán bí tuntun, ẹ̀rí ìjàǹbá rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Fún ẹ̀ẹ̀kan, ohun tí ọkọ̀ kó pamọ́ lè ṣe òǹrajà láǹfààní, bí mẹkáníìkì rẹ̀ bá ní ẹ̀rọ tí ó lè kà á.

Ní ti tíráákà, ọ̀rọ̀ àárín ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ ni. Ẹni tí ó fi owó ńlá ra ọkọ̀ tí ó sì gbé e fún ẹlòmíràn láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí dúkìá rẹ̀ wà. Olè jíjí ọkọ̀ kì í ṣe ìtàn. Ẹ̀dùn ọkàn awakọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í sinmi nígbà tí òun bá sinmi. Bí ó bá gbé ọkọ̀ lọ sílé àna lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá mọ̀. Bí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀gá mọ̀. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní kí wọ́n sọ fún ènìyàn bí wọ́n bá ń kó ohun kan jọ nípa rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìwé àdéhùn tí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ bá jọ tọwọ́ bọ̀ ni ó yẹ kí èyí wà nínú rẹ̀, pé tíráákà wà, pé ẹni báyìí nìkan ni ó lè wò ó. Ẹni tí ó bá fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó láìsọ kò fi ara rẹ̀ hàn bí olóòótọ́.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lórí áàpù ní Èkó àti Ìbàdàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn tó kù lọ. Ọdún 2014 ni Uber dé Èkó, Bolt tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Taxify. Fọ́tò awakọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, àkáǹtì rẹ̀, gbogbo ìrìn rẹ̀ àti máàkì tí èrò fún un, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà tuntun jáde fún wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, owó 20 náírà lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ni ó gba gbogbo ẹnu. Kíkó tí wọ́n ní kí ìjọba lè rí inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò rí ariwo tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó wúwo jù.

Ní Yúróòpù, àwọn awakọ̀ kò dákẹ́. Àwọn tí ó lé ní 170 ní ilẹ̀ Faransé fi ẹjọ́ Uber sùn pé wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn lọ sí Amẹ́ríkà láìsí ààbò tí ó tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Netherlands, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ Uber fún Yúróòpù wà, bu ìtanràn 290 mílíọ̀nù yúrò lé e. Uber ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 ṣáájú ìyẹn, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amsterdam ti gbè sẹ́yìn àwọn awakọ̀ láti Bìrìtìkó àti Portugal tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà lé àwọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣàlàyé fún wọn bí ẹ̀rọ náà ṣe dé orí ìpinnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó dùn mọ́ awakọ̀ Èkó tí áàpù ti tì mọ́ta rí, tí kò mọ ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kàn. Ṣíṣí fóònù ènìyàn ní ibi àyẹ̀wò wà lára ohun tí ó bí àwọn ọ̀dọ́ nínú tí wọ́n fi jáde fún ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, títí kan àwọn ti Òṣogbo. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Awakọ̀ tí ó bá sì ka abala yìí fún ọlọ́pàá ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní ojú ọ̀nà tí kò sí iná, ọlọ́run ni yóò kó o yọ. Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní e-CMR, tí owó rẹ̀ jẹ́ 5,375 náírà. Inú bí àwọn ọlọ́kọ̀ púpọ̀ nítorí owó náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Káyọ̀dé Ẹgbẹ́tókun, sì dá a dúró ní oṣù Keje kí ìfìyàjẹni rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè pé ta ni yóò máa wo inú kọ̀ǹpútà náà, àti pé títí di ìgbà wo ni wọn yóò fi tọ́jú ohun tí ó wà níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Owó ni ó ń dun àwọn ènìyàn lójú ẹsẹ̀; àṣírí kì í dunni títí di ọjọ́ tí ó bá tú.

Síbẹ̀, awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà ààlà Ọ̀ṣun, Kwara àti Èkìtì kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tí òun wà. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ń fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ sí ìyàwó lórí WhatsApp kí wọ́n tó wọ igbó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ń kọ orúkọ èrò, nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ sínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀? Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi ìwé ìdánwò wé ẹ̀pà, ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn ajínigbé pàápàá mọ iyì fóònù: fóònù ẹni tí wọ́n gbé ni wọ́n sábà fi ń pe ẹbí rẹ̀, báńkì inú rẹ̀ sì ni àwọn adigunjalè ọkọ̀ èrò ń fi ipá mú kí ènìyàn ṣí. Nítorí náà, kì í ṣe kíkọ sílẹ̀ ni ìjà wà lé lórí. Ẹni tí yóò ṣí i, ìgbà tí yóò ṣí i, àti ẹni tí yóò fọwọ́ sí i kí ó tó ṣí i, ni ó yẹ kí àwọn awakọ̀ àti ẹgbẹ́ wọn máa béèrè.

Òfin ọdún 2023 ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Ènìyàn lè béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ní nípa rẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, ó sì lè gba ilé-ẹjọ́ lọ bí wọ́n bá pa á lára. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti sọ fún NDPC. Ìtanràn ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ́ 10 mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó pa lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Àjọ náà ti ń lo agbára rẹ̀: ní oṣù Keje ọdún 2025, ó bu 766.2 mílíọ̀nù náírà lé MultiChoice, àwọn tí ó ni DStv. Àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ, kò kan ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wà ní Ọ̀rà yóò ná owó ọkọ̀, owó agbẹjọ́rò àti ọjọ́ iṣẹ́ kí ó tó rí ohunkóhun gbà nílé-ẹjọ́.

Ọ̀nà kan tí ó dín wàhálà náà kù wà nínú ìlànà ìmúṣẹ òfin náà tí NDPC gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Wọ́n fi àpẹẹrẹ ìwé ìfẹ̀hónúhàn kan sí i, èyí tí ènìyàn lè kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ó kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí ó sì fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ ẹ́ láìgba agbẹjọ́rò. Awakọ̀ lè kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ áàpù, sí ilé-iṣẹ́ tíráákà, tàbí sí ilé-iṣẹ́ fóònù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ awakọ̀ kan ní Ìlá, Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà bá lè gba akọ̀wé kan tí yóò sọ ọ́ di Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni.